Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: táǹkì ẹja onílítà 120 ní Abẹ́òkúta, láti ìgbà tí omi rẹ̀ rú títí tó fi tòrò

Táǹkì náà

Gíláàsì mílímítà 8 ni. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90, fífẹ̀ rẹ̀ 40, gíga rẹ̀ 45. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ láti ìta, lítà 162 ni ẹ ó rí, iye yẹn náà sì ni ẹni tó ń tà á máa ń pè fún oníbàárà. Omi tó ń gbà kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ ìnípọn gíláàsì kúrò, ẹ yọ yanrìn sẹ̀ǹtímítà 5 nísàlẹ̀, ẹ yọ àyè sẹ̀ǹtímítà 5 tí a fi sílẹ̀ lókè kí ẹja má baà fò jáde, ẹ yọ òkúta kílò 10. Ohun tó kù kò ju bíi lítà 120 lọ. Orí iye yìí ni gbogbo ìwọ̀n tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ dúró lé. Ẹni tó bá wọn oògùn lítà 162 sínú omi lítà 120 ti fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lé e.

Bí ó bá kún tán, ó súnmọ́ kílò 190. Tábìlì tẹlifíṣọ̀n onípákó kò lè gbé e. Irin tí wẹ́dà jó ni ó gbà, kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì tẹ́jú.

Ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: fílítà onífóòmù méjì tí pọ́ǹpù atẹ́gùn ń ṣiṣẹ́ fún, àti fílítà kékeré kan tó ń rì sínú omi, tó ń yí lítà 500 ní wákàtí kan. A kò ra ohun tí wọ́n fi ń mú omi gbóná. Omi inú ilé níhìn-ín máa ń wà láàárín 26 sí 30°C fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, àyàfi bí ọyẹ́ bá mú gan-an lóru.

Ìdánwò ìgò

Oríṣi márùn-ún ni omi rírú tó máa ń yọjú ní táǹkì tuntun, ohun tó sì ń tún ọ̀kan ṣe máa ń ba òmíràn jẹ́ sí i. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bu omi táǹkì sínú ìgò oníke tó mọ́ gaara, ẹ gbé e ka orí pépà funfun níbi tí ọmọdé kò ti ní gbé e, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ìdọ̀tí ti rọlẹ̀ sí ìdí ìgò, tí omi òkè sì ti tòrò, eruku yanrìn tàbí ti òkúta ni. Bí ó bá ṣì funfun láti ẹnu dé ìdí, bakitéríà ni, wọ́n fúyẹ́ ju kí wọ́n rì lọ. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé, àwọn ewéko tíntìntín tí ojú kò lè dá mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ló kún inú rẹ̀. Bí ó bá pọ́n àmọ́ tí ẹ lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀, oje igi tàbí ti ewé ló jáde sínú omi. Ìkarùn-ún ni ti bóòhóòlù: omi mọ́ lóló nígbà tí ẹ̀rọ ń fà á, lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ó pọ́n, ìpẹtà sì jókòó sí ìdí ìgò. Irin inú ilẹ̀ nìyẹn, tí afẹ́fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

Yanrìn àti òkúta

Kílò 25 yanrìn ló lọ sí ìdí táǹkì yìí, ìwọ̀n ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Yanrìn odò tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ṣáàpù sándì ló dára jù, kí a kọ́kọ́ fi asẹ́ yọ òkúta ńlá àti ìkarahun kúrò nínú rẹ̀. Yanrìn tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri kúnná jù, amọ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú òkúta tó ń ti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ gíránáìtì wá kò dára fún iṣẹ́ yìí rárá. Ẹ lè fọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kó ṣì máa da omi rú.

Òkúta ìlú yìí fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà. Gíránáìtì ni Olúmọ, gíránáìtì náà sì ni ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ máa rí nílẹ̀. Kì í yọ́ sínú omi, kì í sì í yí pH padà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó. Èyí tó yẹ kí ẹ kíyè sí ni òkúta ràkọ̀ràkọ̀ tó ń ti ọ̀nà Ewékorò wá, tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé pH sókè, ó sì ń sọ omi di èyí tí ọṣẹ kì í fẹ́ hó nínú rẹ̀. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí òkúta gbígbẹ. Bí ó bá hó, ẹ fi í sílẹ̀ níta.

Kílò 5 ni a ń fọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ki ẹnu họ́ọ̀sì bọ ìdí rẹ̀ pátápátá, ẹ jẹ́ kí omi máa ti ìsàlẹ̀ ru sókè kó máa ṣàn kọjá etí bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ọwọ́ sì máa rò ó. Ẹni tó bá ń da omi lé e lórí lásán yóò fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Kò sí ọṣẹ nínú iṣẹ́ yìí. Láti mọ̀ pé ó tó, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìgò omi, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ ka oókan dé ọgọ́ta. Bí lẹ́tà ìwé ìròyìn bá hàn láti òdìkejì, ó ti mọ́. Bí kò bá hàn, ẹ padà sídìí họ́ọ̀sì.

Nígbà tí ẹ bá ń pọn omi sí i, ẹ tẹ́ ọ̀rá tàbí abọ́ pẹrẹsẹ lé yanrìn lórí, kí omi máa bọ́ sórí ìyẹn. Ìgbésẹ̀ yìí kò gba ìṣẹ́jú kan, ó sì ń gba gbogbo iṣẹ́ fífọ̀ yẹn là.

Bí eruku bá ti wà nínú táǹkì ńkọ́? Ẹ má gbọ́n omi dànù. Fóòmù lásán kò lè mú eruku tó kúnná bẹ́ẹ̀, ihò rẹ̀ tóbi jù. Ohun tó ń mú un ni òwú onírọ́bà funfun tí àwọn tó ń ṣe àga ń kì sínú tìmùtìmù. Ẹ ra ẹ̀kúnwọ́ méjì tí kò lóòórùn, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, ẹ kì í sínú fílítà tó ń rì, kí omi gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé ibi fóòmù. Ẹ máa yọ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ máa fi tuntun rọ́pò. Láàárín ọjọ́ 1 sí 2 omi á tòrò. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tà fún omi rírú, òwú yìí ló pọ́ọ́kú jù, òun náà ló sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Álọ́ọ̀mù

Ọ̀pọ̀ ilé níhìn-ín ló mọ̀ ọ́n, òun sì ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ nà sí. Ó ń kó amọ̀ jọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì ni àyè rẹ̀, kì í ṣe táǹkì tí ẹja wà. Gíráámù 1 álọ́ọ̀mù máa ń jẹ bíi ìdajì gíráámù nínú ohun tó ń di pH omi mú, omi tó sì ti àárín gíránáìtì wá kì í ní púpọ̀ irú ohun bẹ́ẹ̀. Bí pH bá já wálẹ̀ lójijì, álúmíníọ́ọ̀mù tó wà nínú omi yóò máa jẹ ẹja ní ìjàgbọ̀n, ibi tí ó fi ń mí.

Bí omi kànga yín bá ní amọ̀, ẹ yọ́ gíráámù 1 sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ẹ rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, ẹ wá rò ó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí amọ̀ lè so pọ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Omi òkè ni kí ẹ fi họ́ọ̀sì fà, ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún tó wà nísàlẹ̀ sílẹ̀.

Omi tí a pọn sí i

Omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fà láti inú odò Ògùn tí wọ́n sì ń tún ṣe ní Arákàngà ní kílórínì nínú, bó ti yẹ kí omi mímu ní. Kílórínì yìí kò fa rírú fúnra rẹ̀. Bakitéríà rere inú fóòmù, tó ń jẹ ìdọ̀tí omi, ló ń pa, rírú á sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹ dà á sínú dírọ́ọ̀mù aláìníbòrí, ẹ ki òkúta atẹ́gùn (èyí tí pọ́ǹpù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀) bọ̀ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48. Bí ẹ bá ń kánjú, gíráámù 1 sodium thiosulphate fún lítà 100. Àwọn tó ń ta kẹ́míkà máa ń ní in.

Omi bóòhóòlù náà ń gba dírọ́ọ̀mù kan náà, atẹ́gùn wákàtí 24, kí irin inú rẹ̀ pọ́n kó sì rọlẹ̀ níta dípò inú táǹkì. Ti kànga, ẹ wo ibi tí ṣálángá wà. Kànga tó súnmọ́ ọn lè ti ní amóníà, májèlé tó ń ti ara ìgbẹ́ àti ohun tó ń rà wá, àti nitrate, ohun tí amóníà ń dà nígbẹ̀yìn, kí ẹja kankan tó wọ inú omi náà, ẹni tí kò bá sì yẹ̀ ẹ́ wò yóò máa dá fílítà lẹ́bi.

Funfun tó ń dé lẹ́yìn

Ní ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún tí ohun gbogbo ti tò, omi tó ti tòrò á tún ṣú, funfun bí omidùn. Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń ba táǹkì jẹ́.

Oríṣi bakitéríà méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, wọn kò sì jọra. Àwọn kan ń jẹ ohun tó ń rà: oúnjẹ ẹja tó ṣẹ́kù, ewé tó kú, oje igi. Bí oúnjẹ bá wà, wọ́n lè di ìlọ́po méjì kí wákàtí kan tó pé. Àwọn yìí ló ń léfòó, àwọn ni ojú ń rí. Àwọn kejì ń jẹ amóníà. Nitrosomonas àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń sọ ọ́ di nitrite, Nitrospira ń sọ nitrite di nitrate. Wọn kì í léfòó. Wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fóòmù, yanrìn àti gíláàsì, ó sì lè gbà wọ́n ní ọjọ́ kan gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí omi fi lè funfun mọ́jú, tí fílítà sì ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó gbó, ìyẹn kí àwọn tó ń jẹ amóníà tó pọ̀ tó nínú rẹ̀.

Àwọ̀ funfun yẹn kì í pa ẹja. Ohun méjì tó ń bá a rìn ló ń pa á. Àkọ́kọ́ ni àìtó atẹ́gùn: omi 30°C kò lè gbà ju bíi mílígíráámù 7.5 atẹ́gùn nínú lítà kan lọ, nígbà tí omi 20°C ń gba 9, bakitéríà tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ń mí nínú ìwọ̀nba yẹn. Bí ẹja bá ń yọ ẹnu sójú omi ní ìdájí, àmì rẹ̀ nìyẹn. Èkejì ni amóníà, tí a ó dé orí rẹ̀.

Ohun tí a ṣe kò pọ̀. A yọ gbogbo ewé tó ń rà àti oúnjẹ tó wà nílẹ̀. A dá oúnjẹ dúró pátápátá. A tú pọ́ǹpù atẹ́gùn sílẹ̀ tọ̀sán tòru, fóòmù méjèèjì ń hó. A pa iná táǹkì. A kò fọwọ́ kan fílítà. Omi irú èyí máa ń tòrò fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí 10, nígbà tí ohun tí wọ́n ń jẹ bá tán. Ohun tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí ọwọ́ máa yún ni kí a má sì ṣe nǹkan kan.

Ẹni tó bá gbọ́n gbogbo omi dànù yóò rí omi mímọ́ fún ọjọ́ kan. Oúnjẹ tó wà nínú yanrìn ṣì wà níbẹ̀, àwọn bakitéríà tó kù á tún pọ̀, òun náà á tún gbọ́n. Ẹni tó bá fọ fóòmù sábẹ́ ẹ̀rọ omi ti pa àwọn tó ń jẹ amóníà kù. Oògùn tó ń mú omi mọ́ wúlò fún eruku. Lórí bakitéríà, ó ń kó wọn jọ di àpòpọ̀ tó ń dí fóòmù, tó sì ń rà. Èyí tó burú jù ni ti tẹtirasáíkìlìn, kápúsù oògùn tó ń pa bakitéríà, tí àwọn kan máa ń tú sínú táǹkì ní gbogbo ìgbà tí omi bá yí àwọ̀. Ó lè pa bakitéríà tí ẹ fẹ́ pọ̀ mọ́ èyí tí ẹ kò fẹ́. Òkú wọn á sì di oúnjẹ fún àwọn tó ń bọ̀, amóníà á gòkè, omi á sì tún funfun ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí a ṣe ń mú fílítà gbó láìsí ẹja

Amóníà ilé tí wọ́n pò mọ́ omi ní 10%, tí kò ní ọṣẹ àti lọ́fínńdà nínú: mílílítà 2.5 nínú táǹkì yìí ń fún wa ní bíi mílígíráámù 2 nínú lítà kan. Ẹ gbọn ìgò rẹ̀ wò kí ẹ tó rà á. Bí ìfófò bá dúró lórí rẹ̀, ọṣẹ wà nínú rẹ̀. Àwọn kan máa ń ju edé tútù sí i dípò amóníà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹran tó ń rà ló ń bọ́ bakitéríà funfun, nítorí náà kí wọ́n má ṣe bínú bí omi bá pẹ́ kó tó tòrò.

Ohun ìdánwò olómi ni kí ẹ lò, èyí tí a ń kán sínú omi. Ilé ìtajà àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ni ẹ ó ti kọ́kọ́ bèèrè. Amóníà yóò kọ́kọ́ dúró sójú kan, yóò wá máa lọ sílẹ̀ nígbà tó bá di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì. Nitrite yóò gòkè bí amóníà ti ń sọ̀kalẹ̀, yóò sì pẹ́ lókè ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nígbàkigbà tí amóníà bá di 0, ẹ tún fi mílílítà 2.5 sí i. Iṣẹ́ parí nígbà tí ìwọ̀n yẹn bá di 0 láàárín wákàtí 24, tí nitrite náà jẹ́ 0, tí nitrate sì hàn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró gbári ní àárín ọ̀nà, ẹ wo pH kí ẹ tó wo ohun mìíràn. Bakitéríà yìí ń jẹ ohun tó ń di pH mú. Nínú omi tó rọ̀, pH lè bọ́ sábẹ́ 6.5, iṣẹ́ á sì falẹ̀. Ṣíbí tíì kan béékìn sódà, bíi gíráámù 5, tó fún lítà 120. Kì í ṣe káún: ó máa ń gbé pH fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Òkúta Ewékorò tí a lé síta lẹ́ẹ̀kan wúlò níbí, ègé kan tó kéré nínú fílítà, bí ẹ bá ní in.

Ohun tó ń dín ọ̀sẹ̀ 6 kù sí 1 tàbí 2 ni fóòmù tó ti gbó láti inú táǹkì ẹni tí ẹja rẹ̀ ń ṣe dáadáa. Ẹ fún un sínú omi yín, tàbí kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Kó má ṣe jẹ́ omi adágún ẹja àrọ̀. Àrùn àti ewéko tíntìntín ló máa ń bá a wọlé.

Bí ẹja bá ti wà nínú rẹ̀

Ẹ máa bọ́ wọn lọ́jọ́ kan, kí ẹ fo ọjọ́ kejì, ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú kan. Nígbàkigbà tí amóníà bá kọjá mílígíráámù 0.5 nínú lítà kan, ẹ pààrọ̀ lítà 30. pH ni kí ẹ fi máa ka nọ́ńbà náà: nínú amóníà tí ohun ìdánwò ń fi hàn, èyí tó ń ṣekú pa ẹja kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ní pH 7 àti 28°C, ṣùgbọ́n ní pH 8 ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn. Nítorí náà, 1 nínú omi gíránáìtì kò dọ́gba pẹ̀lú 1 nínú omi ọ̀nà Ewékorò. Bí nitrite bá ga, ṣíbí ìjẹun kan iyọ̀, bíi gíráámù 15, kò ní jẹ́ kó ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja.

Ojú oró ń ran ni lọ́wọ́. Ó ń jẹ amóníà, ó ń dí ìmọ́lẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń mú eruku. Èyí tí wọ́n bá kó láti odò máa ń ní ìgbín kéékèèké tó lè gbé àtọ̀sí ajá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ ṣàn án, ẹ fi í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa ṣa ìgbín àti ẹyin wọn kúrò.

Nígbà tí iná ọba bá lọ

Fóòmù tó wà nínú omi gbangba lè fara da á fún wákàtí bíi mélòó kan. Èyí tó wà nínú ike tí a dé pa kò lè pẹ́: atẹ́gùn inú rẹ̀ á tán, ìdọ̀tí á bẹ̀rẹ̀ sí í rà, bí iná bá sì dé, gbogbo omi burúkú yẹn ló máa tú sínú táǹkì lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ omi funfun tí wọ́n ní ó kàn dé láìnídìí, ibẹ̀ ló ti wá. Bí iná bá lọ ju wákàtí 4 sí 6 lọ, ẹ tú ike náà, ẹ fi omi táǹkì ṣan fóòmù rẹ̀ kí ẹ tó tún un tàn. Pọ́ǹpù atẹ́gùn tó ní bátìrì nínú, tó ń gba iná pamọ́, ló yẹ kó kọ́kọ́ wà nínú owó táǹkì, ṣáájú gílóòbù aláràbarà.

Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ pupa

Ti àwọ̀ ewé, ìmọ́lẹ̀ ló fà á. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bo táǹkì pátápátá fún ọjọ́ 3 sí 4, kí atẹ́gùn máa ṣiṣẹ́, kí ẹ pààrọ̀ lítà 40 lẹ́yìn rẹ̀, kí iná má sì kọjá wákàtí 6 lójúmọ́. Kó má dojú kọ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé.

Ti pupa tó jẹ́ oje igi tàbí ti ewé, kò sí ohun tó ṣe ẹja. Àwọn kan ń dìídì fi ewé fúrúùtù gbígbẹ sí i fún un. Bí ẹ kò bá fẹ́ àwọ̀ rẹ̀, ẹ se igi yín fún wákàtí 2, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ tún un se.

Ẹja àkọ́kọ́

Guppy (ẹja ọ̀ṣọ́ kékeré) 6, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn tí amóníà àti nitrite bá ti wà ní 0, tí a sì ti pààrọ̀ ìdajì omi kí nitrate lè wálẹ̀. Ọ̀wọ́ kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Omi lè fẹ́ funfun díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì ní gbogbo ìgbà tí ẹja tuntun bá wọlé. Ẹ fo oúnjẹ ọjọ́ kan. Fóòmù méjèèjì kò gbọdọ̀ di fífọ̀ lọ́jọ́ kan náà: ọ̀kan lónìí, èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi táǹkì, kí ẹ fún un lẹ́ẹ̀mẹta péré.